Ọmọ Náà Kò Ké

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe àsọdùn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé kó lè tètè sùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà, aláwọ̀ ewé. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, etí rẹ̀ méjèèjì sì pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ti etí yẹn.

Màmá Aago ni wọ́n ń pè é. Agbẹ̀bí ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, aago kékeré kan kò kúrò láyà rẹ̀. Wọ́n so ó lóríkodò kí ẹni tó so ó lè tẹrí ba kà á. Títí di òní ó ṣì ń so ó. Ó lè gbàgbé eyín rẹ̀ sínú ife omi, kò jẹ́ gbàgbé aago.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó di ẹrù, ó lọ bá a gbé. Ọmọ tuntun yìí kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí ní ìrọ̀rùn. Oyún méjì ti bọ́ lára ìyá rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ku oṣù mẹ́rin kó tó délé.

"Màmá, ẹ ti gbẹ̀bí fún ìlú," ọmọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó dé. "Ẹ wo ọwọ́ yín, ó ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n? Gbé e fún mi jàre."

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo àwọn yòókù. Èyí, ọmọ tirẹ̀ ni. Obìnrin ni, ó fẹ́lẹ́, irun rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ orí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Màmá Aago ti mọ̀ ọ́n délẹ̀. Tó bá sín, ẹ̀ẹ̀mejì ni, bí bàbá àgbà tí eruku kó sí nímú. Tí òsúkè bá mú un, ojú ni yóò fi máa wo gbogbo èèyàn, bíi pé àwọn ló fà á. Apá òsì nìkan ló sì máa ń sùn sí láyà ìyá àgbà, etí rẹ̀ kékeré á lẹ̀ mọ́ aago. *Tí, tí, tí.* Á mí kanlẹ̀. Á sùn.

Ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lọ́yàn.

"Má fa ọmọ sí ọyàn. Jẹ́ kó fẹnu wá a. Nàró! Kì í ṣe ìdí tábìlì tí o ti ń yàwòrán ilé lo wà yìí."

"Ó ń dùn mí, Màmá."

"Ẹnu bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Òun náà kì í mọ ìgbà tó yó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò tilẹ̀ dá wọn lóhùn, ó ń mu. Ilé náà dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé náà dùn.

Ọjọ́ kejìlá ló bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni. Àwọn ọmọ àdúgbò wà nílé ìwé, àwọn òbí wọn wà níbi iṣẹ́. Ìta dákẹ́. Màmá Aago wà nínú ilé ìdáná, ó ń fọ ife. Ọmọ rẹ̀ sùn sínú yàrá, ọmọ tuntun náà wà nínú bẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá.

Ọmọ ké.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ife bọ́ lọ́wọ́ Màmá Aago. Kì í ṣe nítorí pé ọmọ ké, ọmọ wo ni kì í ké? Irú igbe tó gbọ́ ni. Kì í ṣe igbe ebi. Kì í ṣe igbe inú rírun. Igbe àkọ́kọ́ ni, èyí tí ọmọ máa ń ké nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, tí omi ṣì wà lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ ọjọ́ méjìlá kì í ké bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó wọ yàrá. Ọmọ náà ń sùn. Ẹnu rẹ̀ dé. Ó wo aago. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó jí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

"Ọmọ ké."

"Màmá, orí mi rèé, orí rẹ̀ rèé. Kò ké."

Lọ́jọ́ kejì, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ìgbàkigbà tó bá sáré débẹ̀, ọmọ ń sùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì, Màmá. Etí yín ni wọn ò tíì fún níwèé."

Màmá Aago rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín náà.

Ọjọ́ kẹrin yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fojú kan alágbàfọ̀.

Obìnrin kan ló máa ń wá kó aṣọ ọmọ lọ fọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọmọ Màmá Aago ló sì máa ń dá a lóhùn títí di ọjọ́ náà. Ó ga, ó tín-ín-rín, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, tó ní òun gbọ́ pé wọn yóò nílò alágbàfọ̀. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kàn máa rí i ni.

"Ẹ kú ilé, Màmá. Ẹ kú ọmọ. Ṣé ọmọ ń ké dáadáa?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Mo kàn béèrè ni. Ẹ̀yin lẹ mọ igbe ọmọ jù." Ó gbé ẹrù aṣọ náà kalẹ̀. Ojú rẹ̀ wá dúró sí àyà Màmá Aago. "Aago yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́."

Kò béèrè. Ó sọ ọ́ ni. Ó yí padà, ó lọ.

Màmá Aago tú ẹrù. Ogún ìlédìí ni wọ́n kó fún un. Mọ́kànlélógún ló kó wá. Ogún funfun báláú, ó rọ̀. Ọ̀kan tó kù ti gbó, ó le, wọ́n fi òwú pupa gbá a létí yípo.

Màmá Aago jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ó mọ aṣọ náà. Ní wọ́ọ̀dù tí ó ti ṣiṣẹ́, oríṣi aṣọ méjì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tó bá ké, wọ́n á fi funfun lásán wé e. Ọmọ tó bá wá tí kò ké, wọ́n á fi elétí pupa wé e, kí òṣìṣẹ́ má baà ṣèèṣì gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi àṣà yẹn sílẹ̀. Wọ́n ti dáná sun gbogbo aṣọ elétí pupa. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ níbi tó jókòó sí, nítorí kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀dì keje. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a wá. Ọmọ náà wá pẹ̀lú okùn ìwọ́ lọ́rùn, ara rẹ̀ dúdú bí aró. Ó ń lọ sí aago méjì, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá Aago, ọmọ tirẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sì ń dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ó gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó fa omi kúrò nímú rẹ̀, ó dúró díẹ̀. Díẹ̀ ni. Ó fi elétí pupa wé e, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọ ìlà kan sínú ìwé: *Wọ́n bí i. Kò ké.* Ó dé bíírò rẹ̀. Ó ń wọ bàtà.

Ọmọ náà ké.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wo aago. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ tí kò ké, ìlà kan ni. Ọmọ tó ké tó sì wá dákẹ́, ojú ìwé mẹ́ta ni, pẹ̀lú dókítà, pẹ̀lú ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìbéèrè pé ta ló fi aṣọ elétí pupa wé alààyè. Ó dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, *Tó bá tún ké lẹ́ẹ̀kan sí i, màá lọ.*

Kò tún ké.

Ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì keje gbórí sókè. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ké."

"Kò ké."

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"Abẹ́rẹ́ ló ń pa ọ́ bí ọtí. Kò ké. Sùn."

Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó wo ojú rẹ̀. Ó wo aago àyà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ, nọ́ọ̀sì. Ẹ ó tún gbọ́ ọ."

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Màmá Aago mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé aṣọ elétí pupa náà wẹ́wẹ́, ó gbé e lọ dà sínú garawa ìdọ̀tí nísàlẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lálẹ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ lé alágbàfọ̀ lọ.

"Kí ló ṣe?"

Màmá Aago la ẹnu. Aago ń lọ láyà rẹ̀. *Tí, tí, tí.*

"Màmá, kí ló ṣe? Tó bá jalè, ẹ wí."

"Kò ṣe nǹkan kan. N kò kàn fẹ́ràn ojú rẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ti ojú ni, ojú dókítà tó gbẹ̀bí mi ńkọ́? Aṣọ là ń gbé fún un, a ò fẹ́ fẹ́ ẹ."

Nígbà tí alágbàfọ̀ tún dé, Màmá Aago lọ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ dúró."

"Mo dúró."

"Aṣọ kan wà láàárín aṣọ ọmọ wa. Kì í ṣe tiwa."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo ní kì í ṣe tiwa."

"Mo gbọ́. Mo ní, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Omi ń kán níbì kan nísàlẹ̀. Màmá Aago di irin àtẹ̀gùn mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ọmọ mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà."

"Nígbà wo?"

Màmá Aago fọwọ́ bo aago àyà rẹ̀.

"Nígbà wo, Màmá?"

"Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ náà."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré, bíi ti ẹni tó rí owó tó ti sọnù tipẹ́ nínú àpò ẹ̀wù. "Kí ni mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣe? Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ tó bá ń ké. Ohùn rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ ọmọ kọ́ ló wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ etí ni. Ẹ ní ẹ ò gbọ́." Ó gbé ẹrù aṣọ lé e lọ́wọ́. "Mo ti gbà fún yín. Ẹ ò gbọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún. Kò sí ìró ẹsẹ̀ kan.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti ku díẹ̀ kí aago méjì lù, Màmá Aago á gbé ọmọ mọ́ àyà, apá òsì, kò ní gbé e sílẹ̀. Igbe náà á ṣì dún. Ọmọ á wà láyà rẹ̀, á máa mí sí i lọ́rùn, igbe á sì jáde láti ilé ìdáná, láti ẹ̀gbẹ́ síǹkì onírin. Ó wá dá a lójú pé kì í ṣe ọmọ àwọn ló ń ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ láti má dìde. Lọ́jọ́ kìíní, ó pa eyín rẹ̀ keke. Lọ́jọ́ kejì, ó kọrin. Lọ́jọ́ karùn-ún, igbe náà dún, kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ewébẹ̀ tó ń já.

Ó rò pé òun ti borí.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwẹ̀ lọ́sàn-án. Ọmọ ti sùn nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, inú aṣọ funfun, Màmá Aago fúnra rẹ̀ ló wé e. Ó jókòó sínú ilé ìdáná. Igbe dún lẹ́ẹ̀kan. Kò dìde. Ó parí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọlé.

Omi ilé ìwẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Màmá! Ṣé ọmọ ń ké ni?"

Màmá Aago tẹ́tí. Ó tẹ́tí dáadáa, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tẹ́tí. Ó gbọ́ aago. Ó gbọ́ eṣinṣin lójú fèrèsé. Ó gbọ́ omi tó ń kán lára ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Kò ké."

"Ó dà bíi pé mo gbọ́ ọ."

"Omi ló dí ọ létí. Kò ké. Wẹ̀."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ gbá ògiri, ọmọ rẹ̀ sáré kọjá tòun ti ọṣẹ lórí.

"Màmá!"

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kò mọ bó ṣe rìn ín.

Ọmọ náà wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi aṣọ wé e dé ọrùn, wọ́n wé e le dan-in. Aṣọ gbígbó. Etí rẹ̀ pupa. Ojú ọmọ náà ti ń dúdú. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, èrìgì rẹ̀ hàn, ahọ́n rẹ̀ ń gbọ̀n, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń ké.

Màmá Aago kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ń gbọ́ aago. Ó ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ tó ń tú aṣọ náà, tí èékánná rẹ̀ ń ha aṣọ. Ó gbọ́ nígbà tó ní, "Ó ti ń ké látìgbà tí mo ti wọlé ìwẹ̀! Ẹ ní kò ké!" Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Igbe ọmọ náà nìkan ni kò gbọ́. Ẹnu tó là, tí kò sí ohùn níbẹ̀.

"Ta ló fi aṣọ yìí wé e?" ọmọ rẹ̀ béèrè. "Màmá, mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Aṣọ wo rèé?"

Ilẹ̀kùn àbájáde wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò Màmá Aago.

Wọ́n mú Màmá Aago lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fún odindi wákàtí kan. "Màmá, etí yín dá ṣáká," ló sọ. "Kí abẹ́rẹ́ já bọ́ nínú yàrá kejì, ẹ máa gbọ́ ọ." Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe jókòó síta, ọmọ ọlọ́mọ kan ké, ó gbọ́ ọ. Ọmọ tirẹ̀ ké láyà rẹ̀, apá òsì. Ó mọ̀ ọ́n lára, ó ń gbọ̀n mọ́ egungun rẹ̀. Kò gbọ́ ọ.

Ọmọ rẹ̀ kò bá a jà. Ìyẹn ló burú jù. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. N kò lè fi ọmọ tì yín mọ́." Ó bá a di ẹrù, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ dáadáa, ó bá a gbé e dé ìsàlẹ̀.

Màmá Aago ti padà sílé ara rẹ̀ báyìí. Ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tábìlì ìyàwòrán rẹ̀ wà nínú yàrá kejì. Ó ti rí ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ, ó sì pe Màmá Aago lórí fóònù láti sọ fún un.

"Alágbàfọ̀ yẹn náà ni, Màmá. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú! Ọmọ ò tíì ké, ó ti dìde. Kò sì sí ibòmíràn tí ọmọ yẹn fẹ́ sùn sí mọ́, àfi àyà rẹ̀."

Màmá Aago ní, "Lé e lọ."

"Kí ló ṣe?"

Ẹ wò ó, ó ṣì lè sọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

Lánàá, fóònù dún lọ́sàn-án.

"Màmá, ẹ gbọ́ ọmọ yín! Ó ń ké pè yín. Mo gbé fóònù sí i lẹ́nu."

Màmá Aago tẹ fóònù mọ́ etí. Ó gbọ́ kọ́tìnnì tó ń lọ lójú irin. Ó gbọ́ omi tó ń hó. Ó gbọ́ obìnrin kan tó ń kọ orin sábẹ́ ahọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá? Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní.

Orin náà dáwọ́ dúró. Ohùn obìnrin náà wá súnmọ́ fóònù, kò ga, kò bínú.

"Wọn ò gbọ́ ọ," ó ní.

Fóònù kú. Màmá Aago tẹrí ba, ó wo àyà rẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ilé ìdáná rẹ̀, nílé tí òun nìkan ń gbé, láti ẹ̀gbẹ́ síǹkì onírin, ọmọ kan ké.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Màmá Aago dìde. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí igbe kejì.